Àwòrán Ibi Tí Wọn Ò Dé

Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ti ń pa mọ́ láti ọdún tó kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló kọ ọ́ nígbà tí a kó wọn lọ rìn lórí òkè fún ọjọ́ mẹ́ta. Lójú ewé kẹrin, wọ́n ya ohun tí wọ́n rí láti ṣóńṣó òkè náà: odò tó ń lọ́ bí ejò, igbó lápá òsì, ọ̀nà ọkọ̀ tó tín-ín-rín bí okùn nísàlẹ̀. Àwòrán náà dára. Ọmọ tó yà á mọ pẹ́ńsù lò. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ náà, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kùrukùru bo orí òkè yẹn débi pé ẹni tó wà níwájú rẹ ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ohùn rẹ̀ nìkan lo máa gbọ́. Ẹgbẹ́ mìíràn, tó gun òkè náà ní àárọ̀ yẹn kan náà, kò ya nǹkan kan. Wọ́n kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sójú ewé tiwọn: "Funfun ni gbogbo ẹ̀."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìwé méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, lójú tèmi sì rèé, ẹni tí kò yẹ ni wọ́n sábà máa ń bínú sí. Mi ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́, mi ò sì ní dárúkọ ọmọ.

Bí ètò náà ṣe rí

Ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ni tiwa. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin wà lára ògiri gbọ̀ngàn wa tí wọ́n fi ọ̀dà kọ gàdàgbà: Òtítọ́, Ìfaradà, Ìfẹ́nìkejì, Ìgboyà. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé làwọn ọmọ máa ń kà á jáde pọ̀. Ìrìn òkè wà fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sí mẹ́rìndínlógún, ìdí tí a sì máa ń sọ fún àwọn òbí ni pé níbẹ̀ làwọn ọmọ ti máa fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn ohun tí wọ́n ń fi ẹnu kà.

Èrò yẹn ti pẹ́. Kurt Hahn ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, olùkọ́ ọmọ Jámánì tó jẹ́ Júù, tó wà lára àwọn tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Salem sílẹ̀ ní 1920. Ó ta ko Hitler ní gbangba, wọ́n tì í mọ́lé ní 1933. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó kó lọ sí Bìrìtéènì, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ Gordonstoun sílẹ̀ ní Scotland ní 1934. Ní 1941, nígbà tí ogun ń jà, òun àti Lawrence Holt, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ṣí ibùdó Outward Bound àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi òkun àti òkè kọ́ àwọn ọ̀dọ́, ní Aberdovey, ní Wales. Ohun tó ń dun Holt ni àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ tí ọ̀tá ń ri ọkọ̀ wọn: ó lójú òun, àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ló ń tètè sọ̀rètí nù nínú ọkọ̀ kékeré, nígbà tí àwọn àgbà atukọ̀ ń yè é. Prince Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth, tó lọ sí Gordonstoun, ló dá Ẹ̀bùn Duke of Edinburgh fún àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní 1956, wọ́n sì fi John Hunt, ẹni tó darí àwọn tó gun Everest ní 1953, ṣe olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé ilé-ẹ̀kọ́ bíi tiwa tí kò ní òkun, tí kò ní ọkọ̀.

Ohun kan nínú iṣẹ́ Hahn tí àwọn èèyàn kì í rántí ló kan ọ̀rọ̀ mi jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìwé kan tí kálukú ń fọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí lójoojúmọ́: ṣé mo ṣe eré ìdárayá, ṣé mo wẹ̀, ṣé mo ṣe ohun tí mo ní mo máa ṣe. Wọ́n fi í sí ọwọ́ ọmọ, wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọmọ ìyá ìwé yẹn ni ìwé ìrìn tí a ń fún àwọn ọmọ wa. Wọ́n á kọ aago tí wọ́n gbéra, aago tí wọ́n dé, ohun tí wọ́n rí. Tíṣà kì í bá wọn rìn. Ibi àyẹ̀wò la máa ń jókòó sí, àwọn ló ń bọ̀ wá bá wa.

Ọjọ́ kìíní

Ọjọ́ kìíní kò ní ìtàn púpọ̀. Oòrùn ràn, ilẹ̀ tẹ́jú, wọ́n kọrin títí ohùn fi há. Nígbà tí wọ́n dé àgọ́ nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn bọ́ bàtà dànù bí ẹni tó jáde lẹ́wọ̀n, àfi ọmọkùnrin kan. Ó jókòó tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ó ń fọ abọ́. Mo ń kọjá lọ, mo ní, "Ẹsẹ̀ ńkọ́?" Ó ní, "Kò sí wàhálà, sà." Mo fọwọ́ gbá a léjìká, mo ní, "Akọni ni ẹ́." Mo kọjá.

Nínú gbogbo ohun tí mo sọ lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti rò jù.

Bàtà rẹ̀ tuntun ni. Nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n kún kí a tó lọ, a bi wọ́n bóyá wọ́n ti fi bàtà tí wọ́n fẹ́ wọ̀ rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sàmì sí bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ kẹrin sí ìrìn ni wọ́n rà á fún un. Ẹni tó bá ti wọ bàtà líle tuntun rìn rí mọ bó ṣe máa ń lọ. Gìgísẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná lójú kan ṣoṣo, bí ìgbà tí èèyàn jókòó súnmọ́ iná jù. Bó o bá dúró lójú ẹsẹ̀, tó o bọ́ bàtà, tó o lẹ plásítà mọ́ ibẹ̀, tó o wọ ìbọ̀sẹ̀ mìíràn, ó parí nìyẹn. Bó o bá ní ó di àgọ́, omi á kó sábẹ́ awọ, ìléròrò á yọ. Bó o bá tún ń rìn lọ, ìléròrò á bẹ́, awọ á ká kúrò, ẹran ara á sì máa ha bàtà ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ìdúró ìṣẹ́jú márùn-ún ló wà láàárín ẹsẹ̀ tó ń gbóná àti ẹsẹ̀ tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọmọ yẹn kò dúró. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Ọjọ́ kejì

Láti ibi àyẹ̀wò kejì sí ìkẹta jẹ́ kìlómítà 7, àwọn ọmọ sì máa gùn tó mítà 420 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì òkè. Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń rìn lórí òkè máa ń lò, William Naismith ará Scotland ló gbé e kalẹ̀ ní 1892. Tí a bá fi kìlómítà sọ ọ́, wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí o tún fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tí o bá gùn. Tiwa wá jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 6, fún àgbàlagbà tó dá ṣáṣá tí kò dúró mumi. Ọmọ tó ru ẹrù, tó máa dúró tọ̀, tó máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí máàpù, a fún un ní wákàtí 3.

Ọ̀nà ọkọ̀ kan yí ìdí òkè náà po, pẹrẹsẹ, kìlómítà 5 ààbọ̀. A ti sọ fún wọn pé àwa tí a ń fi ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn la ni ọ̀nà yẹn. Kò sí nínú ìrìn.

Èmi wà ní ibi àyẹ̀wò kẹta pẹ̀lú dírẹ́bà wa. Ẹnìkejì mi, tíṣà obìnrin kan tó ti ń kó ọmọ gun òkè kí èmi tó mọ bí wọ́n ṣe ń di kọ́ńpáàsì mú, wà ní ìkejì. Ó sin ẹgbẹ́ kìíní jáde ní aago mẹ́wàá, ó sin ẹgbẹ́ kejì, àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, ní 10:40.

Ní 12:15 mo rí orí mẹ́fà tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ kejì ni. Wọ́n ti ṣáájú ẹgbẹ́ kìíní dé. Mo dìde, mo pàtẹ́wọ́ fún wọn, mo ní, "Ṣé ẹ sáré ni?" Olórí wọn, ọmọbìnrin kan tó tún jẹ́ olórí kíláàsì rẹ̀, rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "A ò kàn dúró púpọ̀ ni, sà." Ìṣẹ́jú 95. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gba ìwé wọn, mo ṣí ojú ewé kẹrin, mo rí odò, mo rí igbó. Mo wá gbójú sókè kí n fi wé òkè fúnra rẹ̀, mi ò rí òkè. Láti ìbàdí lọ sókè, inú kùrukùru ló wà.

Àbí kí ni mo tún ń wá? Ìṣirò náà kò le. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé kí wọ́n jẹun ná, kí wọ́n sinmi, mo máa bi wọ́n nírọ̀lẹ́. Kí n sọ òótọ́, mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ òótọ́. Àwọn ọmọ dáadáa ni wọ́n. Nígbà tí tíṣà bá fẹ́ràn ọmọ, ojú rẹ̀ máa ń tètè fọ́ sí ohun tó bá yàn.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ẹnìkejì mi ti rí bí kùrukùru ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó sì ti gbéra tẹ̀ lé àwọn ọmọ gòkè ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Òun nìkan. Kò yẹ kó dá lọ, òun náà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó bá ẹgbẹ́ kìíní lẹ́bàá ṣóńṣó òkè, ó kà wọ́n, wọ́n pé. Ó bi wọ́n nípa ẹgbẹ́ kejì. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kọjá àwọn. Òun tó gba ọ̀nà kan náà bọ̀ láti ẹ̀yìn kò rí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ọmọ mẹ́fà wọ ojú ọ̀nà kan, wọn ò sí níwájú, wọn ò sí lẹ́yìn. Ibo ni wọ́n wà? Fóònù kì í mú lórí òkè náà. Ó ní kí ẹgbẹ́ kìíní máa sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, òun dúró.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹgbẹ́ kìíní yọ, omi ń kán lára aṣọ wọn. Ọmọkùnrin tó ṣáájú kò tíì rí àwọn tó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀. Ó sáré wá bá mi, ó ń mí hẹlẹ, ó ní: "Tíṣà ní ká sọ fún yín sà, àwọn ò rí ẹgbẹ́ kejì. Àwọn ṣì wà lókè, àwọn ń wá wọn."

Ìgbà tó yíjú ló rí wọn. Abọ́ oúnjẹ wà lọ́wọ́ wọn.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo rántí pé ọ̀kan nínú wọn ṣì ń jẹ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé tó bá gbé e mì, ó di dandan kó sọ nǹkan. Ọmọkùnrin ọjọ́ kìíní yẹn gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó tú okùn bàtà òsì, ó fa bàtà náà yọ pẹ̀lú eyín lórí ètè. Ìbọ̀sẹ̀ kò tẹ̀ lé bàtà, ó ti lẹ̀ mọ́ ẹran ara. Àwọ̀ eérú ni ìbọ̀sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n láti gìgísẹ̀ dé kókósẹ̀ ó ti dúdú. Ó na ẹsẹ̀ náà síwájú mi. Kò sọ̀rọ̀, kò sunkún. Olórí wọn ló bú sẹ́kún.

Mo fi wọ́n sílẹ̀ fún dírẹ́bà, mo mú fèrè, mo gòkè. Ìlànà tí a fi kọ́ àwọn ọmọ ni pé fífọn mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ á fọn mẹ́ta padà. Mo ti rìn tó ogójì ìṣẹ́jú kí n tó gbọ́ ọ: mẹ́fà, ìdákẹ́jẹ́, mẹ́fà. Ohùn fèrè nínú kùrukùru kì í ní apá ibi tó ti wá. Mo fọn mẹ́ta. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, kì í ṣe fèrè mọ́. Ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ó rò pé àwọn ló dá òun lóhùn.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì tó ti ń wá wọn. Ó tutù rinrin, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí mo sọ fún un pé wọ́n wà nísàlẹ̀ láti aago méjìlá, ó jókòó sórí òkúta. Ó ní, "Gbogbo wọn?" Mo ní, "Gbogbo wọn." Kò béèrè nǹkan mìíràn.

Lójú ọ̀nà ló sọ ìdí tí òun ò fi lè sọ̀ kalẹ̀. Ó ń rántí Lyme Bay. Ní oṣù kẹta 1993, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́jọ wọ ọkọ̀ àjẹ̀ kékeré lọ sójú òkun pẹ̀lú tíṣà wọn àti olùdarí méjì. Ìjì gbé wọn lọ. Ọ̀pọ̀ wákàtí kọjá kí wọ́n tó ké sí àwọn olùgbàlà. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ náà kú, ìyẹn ló sì bí òfin tí ilẹ̀ náà ṣe ní 1995 lórí ibùdó tó ń kó ọmọ ṣe irú eré báyìí. "Tí ìwé bá ní ọmọ wà níbì kan," ló wí, "ibẹ̀ ni mo máa wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Òkúta lórí ìlà

Èmi ti múra ìbínú sílẹ̀ fún alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹnìkejì mi ni kò jẹ́ kí n lò ó. Ó ti pààrọ̀ aṣọ, ó ti mu omi gbígbóná, ó ti fọ gìgísẹ̀ ọmọ náà, ó sì ti dì í. Nígbà tí a jókòó yípo tán, gbogbo wa rò pé ó máa béèrè ẹni tó ní kí wọ́n gba ọ̀nà ọkọ̀. Ọmọ náà ló kọjú sí. Ó ní, "Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ẹ́?"

"Àná, mà. Kí a tó dé ibi afárá."

Ibi afárá kò ju kìlómítà mẹ́ta lọ láti ibi tí a ti gbéra ní ọjọ́ kìíní. Ó ti fi ẹsẹ̀ yẹn rìn fún ọjọ́ kan àti ààbọ̀.

Ó mú igi, ó fa ìlà gígùn sórí ilẹ̀, ó sàmì sí ibi afárá, àgọ́ kìíní, ibi àyẹ̀wò kejì, oríta, ibi àyẹ̀wò kẹta. Ó ní kí kálukú ṣa òkúta, kó gbé e sí ibikíbi tó ti lè la ẹnu sọ̀rọ̀ tí kò sọ.

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ dídùn ló bẹ̀rẹ̀, ó fò lẹ́sẹ̀ kan, ó gbé tirẹ̀ sí ibi afárá. Ọmọbìnrin tó di máàpù mú gbé tirẹ̀ sí oríta. Òun ló yí wọn sí ọ̀nà ọkọ̀, ó sì mọ̀ dájú ibi tó ń yí wọn sí. Ọmọ tó ya àwòrán béèrè bóyá òun lè gbé òkúta sí ibi tí wọ́n ti fún òun ní pẹ́ńsù. Orí máàpù ló ti wo odò àti igbó, ó wá fi ọgbọ́n orí yà wọ́n. Olórí wọn gbé mẹ́rin. Ìkẹrin, ibi tí mo ti bi í léèrè pé ṣé wọ́n sáré ni.

Ẹnìkejì mi wá na òkúta méjì sí mi.

Kò bá mi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mo gbà á. Mo gbé ọ̀kan sí àgọ́ kìíní, níbi tí mo ti ní "akọni ni ẹ́" fún ọmọ tí kò bọ́ bàtà. Mo gbé ìkejì sí ti olórí wọn, ní ibi àyẹ̀wò kẹta, ní 12:15. Ẹnìkejì mi náà gbé tirẹ̀ sí ibi àyẹ̀wò kejì, nítorí pé ó dá gòkè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tú jáde. Olórí wọn ní àwọn ò mọ̀ ọ́n sí irọ́ nígbà tí àwọn ń ṣe é. Ẹsẹ̀ ń dun ẹnì kan, àwọn ò lè ní kó gun òkè, àwọn ò sì lè fi í sílẹ̀. "Ìfẹ́nìkejì la rò pé a ń ṣe, mà." Ìwé nìkan ló kù, wọ́n sì ní kò sẹ́ni tí ìwé máa pa lára. Tí wọ́n bá sọ òótọ́, ọjọ́ náà ò ní kà fún ẹnikẹ́ni, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ á sì mọ ẹni tó fà á.

Mo bi ọmọ náà ìdí tí kò fi sọ fún wa ní ibi afárá. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ó ní, "Ìfaradà ló wà lára ògiri, sà."

Mi ò ní èsì fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí mo wá rí nìyí. A kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sógiri bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, pé wọn kì í jà. Wọ́n ń jà. Ìfaradà ní kí o má sọ̀rọ̀, Ìfẹ́nìkejì ní kí ẹ gba ọ̀nà tó rọ̀, Òtítọ́ ní kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, Ìgboyà kò sì dá sí i. Nínú gbọ̀ngàn, ìjà wọn kò hàn, torí kò sí ohun tó ń fa ọmọ sí ọ̀nà méjì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Orí òkè ni wọ́n ti máa ń pàdé. Àwa àgbà sì ti sọ èyí tó máa borí fún wọn tipẹ́. Ọdọọdún là ń fún ọmọ tí kò pa ọjọ́ kan jẹ ní ẹ̀bùn, títí kan èyí tí ibà ń ṣe tó ṣì wá. Mi ò rí ẹ̀bùn rí fún ọmọ tó ní "ó tó gẹ́ẹ́."

Mo mọ̀ pé ìwádìí gbè fún irú ètò yìí. Ní 1997, John Hattie, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 96 jọ lórí ìrìn inú igbó àti òkè, wọ́n sì rí i pé ohun tí àwọn akópa jèrè níbẹ̀ kì í parẹ́ lẹ́yìn ètò bí ti ọ̀pọ̀ ètò ẹ̀kọ́ mìíràn, ńṣe ló tún ń pọ̀ sí i. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èrè tí ọmọ yẹn ti ń kó bọ̀ láti ibi afárá ni pé ẹni tó bá ní ìrora ni kó pa á mọ́, ìyẹn náà kì bá sì ti parẹ́.

Nígbà tí a délé

Àwọn àgbà ní òwe kan, pé kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Gbogbo tíṣà tó sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ló pa á. Ẹnì kan ní kí wọ́n gba oyè olórí kíláàsì lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ẹlòmíràn ní kí a fòpin sí ìrìn òkè pátápátá, ó ní orí kó wa yọ. Òbí kan wá bi wá léèrè bó ṣe jẹ́ pé tíṣà méjì kò rí ẹsẹ̀ tó bó fún odindi ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Ìyẹn nìkan ni ìbéèrè tó dùn mí, torí òun nìkan ló tọ́ sí wa.

Ibi tí a fi í sí ni pé ọjọ́ kejì kò kà fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́fà. Ọmọbìnrin náà ò pàdánù oyè rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun máa bá àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ sí ìrìn tiwọn, ó sì ṣe é láìdárúkọ ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ọmọ kan nínú wọn kò bá wa lọ mọ́ láti ìgbà náà. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó ní kì í ṣe ìtìjú, ó kàn ti sú òun ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a yí padà kò pọ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kálukú ń bọ́ bàtà, tíṣà pẹ̀lú, a ń wo ẹsẹ̀ ara wa. Tíṣà kì í dá gòkè mọ́. A ra rédíò alágbèéká mẹ́ta. Nínú ìwé ìrìn, a fi òpó kan kún un tí kò sí tẹ́lẹ̀: "Ibi tí a ti dúró, àti ìdí rẹ̀." Mo dábàá pé kí a fi ọ̀rọ̀ karùn-ún kún ti ara ògiri. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa bi mí pé ọ̀rọ̀ wo, mo sì dúró síbẹ̀, mi ò rí i sọ. Mẹ́rin ṣì ni wọ́n.

Ìpadàlọ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, àwọn márùn-ún padà lọ gun òkè náà. A ò fipá mú wọn. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ ni, èmi sì tún wà ní ibi àyẹ̀wò kẹta, mò ń fi awò wo ojú ọ̀nà. Wọ́n gbéra ní 10:30. Nígbà tí wákàtí mẹ́ta pé tí mi ò tíì rí wọn, mo nawọ́ mú rédíò, mo tún fi í sílẹ̀. Wọ́n yọ ní 13:41.

Mo gba ìwé wọn. Àwòrán tuntun wà níbẹ̀, kò rẹwà tó ti àkọ́kọ́. Ọ̀nà ọkọ̀ wà níbẹ̀, igbó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n odò kò sí. Mo bi ọmọ tó yà á léèrè. Ó ní, "Kò hàn láti òkè, sà. Gegele kan wà níwájú ẹ̀ tó dí i." Ó rẹ́rìn-ín. "Lórí máàpù nìkan ló ti hàn."

Nísàlẹ̀ àwòrán náà ni òpó tuntun wà. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó lọ́jọ́sí ló kọ ọ́, mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni:

10:52. Ìṣẹ́jú 9. Gìgísẹ̀ mi gbóná, mo lẹ plásítà.
11:30. Ìṣẹ́jú 11. Gìgísẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.
12:20. Ìṣẹ́jú 25. Kò sí ìdí. A kàn ń wo ìsàlẹ̀.